Píjò 504 bàbá wa láti Ìlọrin sí Abẹ́òkúta nínú ooru oṣù kẹta: ká wà á ni àbí ká gbé e?

ỌmọOníPíjò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín kí àwọn ará ilé wa tó dá nǹkan kan ṣe. Bàbá wa ní Píjò 504 GR kan, ti 1983, ọ̀kan lára àwọn tí PAN, iléeṣẹ́ tó ń to Píjò ní Kàdúná, tò pọ̀ nígbà yẹn, tuntun ni wọ́n rà á, àwọn nìkan ló sì ń wà á, òun ló gbé gbogbo wa lọ síléèwé. Wọ́n ti kó wá sọ́dọ̀ wa l'Ábẹ́òkúta báyìí, ọkọ̀ ṣì wà n'Ílọrin lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì páánù, tapólì ni wọ́n fi bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ilé yẹn máa ń sítáàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á jẹ́ kó dún fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì pa á. Bàbá ń béèrè ọkọ̀ wọn ní gbogbo ìgbà, a sì fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Oòrùn yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀sán oṣù kẹta ṣe máa ń rí n'Ílọrin, ó lè lé ní 35 dígírì dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kàn yí ọ́ìlì ká wà á wá, pé Píjò ò mọ ooru, ṣebí òun náà ni wọ́n fi ń ná Sókótó àti Màídúgùrì láyé ìjọsí. Mẹkáníìkì àdúgbò wọn ní kí wọ́n yọ tọ́mọ́sítáàtì dànù kó má baà hó lọ́nà, kí wọ́n sì so fáànù pọ̀ pátápátá kó máa yí láìdúró. Èmi ní tèmi rò pé ká gbé e sórí lòbẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ míì, ká fi tapólì yẹn wé e dáadáa kí oòrùn má jẹ ọ̀dà ẹ̀. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí? Mi ò fẹ́ kí wọ́n ba ọkọ̀ yìí jẹ́ mọ́ bàbá lójú.

Mẹkáníìkì_Gate

Ẹ má wà á o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kí n tó máa ṣàlàyé. Gate níbí n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, 504 ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi, torí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n yín sọ pé 504 gba ìyà. Láti 1975 ni PAN ti ń tò ó ní Kàdúná, òun ni táàsì, òun ni ọkọ̀ ìjọba, òun náà ni wọ́n fi ń kó èrò lọ sókè ọya. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ yẹn ń rìn lójoojúmọ́, omi wọn ń lọ ó ń bọ̀, hóòsì wọn ò tíì gbẹ. Èèyàn tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún púpọ̀, a kì í jí i láàárọ̀ ọjọ́ kan ká ní kó sáré lọ sóko. Ohun tó ń pa ọkọ̀ àtijọ́ nínú ooru ò ju ìyẹn lọ, ó ti jókòó pẹ́, wọ́n wá gbé e sójú títì lọ́sàn-án gangan.

Ẹ wo bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe rí. Irin ni búlọ́ọ̀kù, àlúmíníọ̀mù ni hẹ́ẹ̀dì tó dé e lórí, ooru ò sì fẹ̀ wọ́n bákan náà. Sílíńdà ẹ̀, sílíìfù tí wọ́n kì bọ inú búlọ́ọ̀kù ni, omi ló yí wọn ká, síìlì tó wà nísàlẹ̀ wọn ló ń dá omi dúró kó má bọ́ sínú ọ́ìlì. Tí omi bá dín lójú ọ̀nà tí ẹ ò tètè rí i, hẹ́ẹ̀dì á tẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi á wọnú ọ́ìlì, ọ́ìlì á funfun bí ẹ̀kọ, ó parí nìyẹn. Omi tó sì wà nínú ẹ̀ báyìí mo fẹ́ẹ̀ẹ́ búra pé omi kànga lásán ni, ìpẹtà ti kún inú rédíétọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ tọ́mọ́sítáàtì yẹn o, mo bẹ̀ yín. Ó ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná débi tó yẹ, kó wá ṣí. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná, á máa jẹ epo, ọ̀rinrin ò ní kúrò nínú ọ́ìlì, àwọn ẹ́ńjìnnì míì sì wà tí omi á máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá láìdé rédíétọ̀ rárá tí wọ́n bá ti yọ ọ́, kí wọ́n tó mọ̀ ó ti wá ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ń fura sí i, kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbé e sínú ìkòkò omi lórí iná, nọ́ńbà wà lára ẹ̀, tí omi bá ti gbóná dé nọ́ńbà yẹn ó yẹ kó máa ṣí. Bí kò bá ṣí, kí wọ́n ra tuntun. Bó bá ṣí, ẹ wá ẹ̀sùn lọ síbòmíì, inú rédíétọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Fáànù náà ńkọ́? Fáànù 504 kì í ṣe èyí tó ń yí ní gbogbo ìgbà. Ó ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú, swíìṣì kékeré kan ń wo bí omi ṣe gbóná, tó bá ti tó, iná á dé mágínẹ́ẹ̀tì, ó máa di fáànù mú, fáànù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọlọ́pọlọ ló ṣe é. Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná wọlé, ó máa ń jẹ tán, tàbí kí wáyà já. Rewáyà tó mọṣẹ́ á tún un ṣe kíá. Àwọn tó so ó pọ̀ pátápátá, ọkọ̀ wọn ṣì ń rìn lóòótọ́ mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀ á pọ̀, á máa fa agbára ẹ́ńjìnnì, àti pé ti bàbá yín ṣì wà bó ṣe jáde ní Kàdúná, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ bà á jẹ́?

Ìkan tó kù: ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n kí wọ́n dáwọ́ sítáàtì yẹn dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ò gbóná tó nǹkan kan, omi àti epo tí ò jó ló ń kó sínú ọ́ìlì àti sálẹ́ńsà, ó sàn kí wọ́n má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ gbé e wá lórí ọkọ̀. Tó bá ti dé, iṣẹ́ tó kù máa rọrùn.

Ìyá_Ìjàpá

Ẹ káàsán o. Mẹkáníìkì_Gate ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Èmi ò mọ ẹ́ńjìnnì Píjò, Ìjàpá ni mo ní, Fọsiwájìn 1300 tí wọ́n tò níbí l'Ékòó lọ́nà Ọ̀jọ́, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà, kò sì lo omi rárá, afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì 2.5 lítà péré ló ń tù ú. Torí náà ni mo ṣe máa ń ṣọ́ ooru ju ẹlòmíì lọ. Fáànù-bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù, tó bá já, tí mi ò bá dúró lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì mọ́. Mo máa ń fi ìkan sínú búùtù ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀rọ̀ tapólì yẹn ni mo fẹ́ sọ. Àbúrò, ẹ ká a kúrò lórí ọkọ̀ lónìí. Tapólì ò jẹ́ kí ọkọ̀ mí. Ọ̀rinrin òru á wọbẹ̀, oòrùn ọ̀sán á sè é mọ́ inú, òun ló ń fa ìpẹtà sétí ilẹ̀kùn àti abẹ́ gíláàsì, ọ̀dà á sì wú. Aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló dáa, kọ́tìn tó nípọn, kí ẹ fọ ọkọ̀ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó bò ó, torí eruku ọyẹ́ tó wà lára ẹ̀ ni aṣọ á máa fi họ ọ̀dà.

Ẹ má sì bò ó rárá tó bá wà lórí lòbẹ́ẹ̀dì! Èyí ṣe pàtàkì. Atẹ́gùn á máa gbá aṣọ yẹn mọ́ ọkọ̀ láti Ìlọrin títí dé Abẹ́òkúta, kẹ́ ẹ tó tú u, ọ̀dà tẹ́ ẹ ń dáàbò bò ti lọ níbi igun-igun. Oòrùn ọjọ́ kan ò lè ṣe ọ̀dà ní ohun tí aṣọ tó ń gbọ̀n máa ṣe é láàárín wákàtí mélòó kan.

Inú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ bò. Ọkọ̀ tó dúró sí oòrùn tí gíláàsì ẹ̀ wà ní títì, inú ẹ̀ máa ń gbóná kọjá 60 dígírì, dáṣíbọ́ọ̀dù 504 á wá là gbarawu láàárín, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn láti rí òmíràn tó dáa ní ọjà Ladípọ̀. Ẹ wá páálí kẹ́ ẹ gé e ba gíláàsì iwájú àti tẹ̀yìn, ẹ fi aṣọ funfun tẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi kẹrosíìnì tàbí dísù nu rọ́bà ilẹ̀kùn kó lè dán. Á dán lọ́jọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo máa ń wú rọ́bà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọṣẹ àti omi tó, kẹ́ ẹ wá fi glísáríìnì díẹ̀ pa á.

Tó bá wá dé Abẹ́òkúta, ẹ má gbé e sábẹ́ igi kẹ́ ẹ ní ibòji wà níbẹ̀. Oje igi àti ìgbẹ́ ẹyẹ, tí oòrùn bá ti yan án mọ́ ọ̀dà, kì í kúrò mọ́.

ỌmọOníPíjò

Háà, ẹ ṣé ẹ̀yin àgbà, èmi tí mo ti ní kí wọ́n wá okùn tí wọ́n máa fi di tapólì. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gbà pé àwọn ò ní sítáàtì ẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má wà á ni wọn ò tíì gbà tán. Ìbéèrè míì: epo tó wà nínú táǹkì ti pẹ́, ṣé ká kún un sí i ni kó má baà pẹtà ní inú? Bátìrì náà ńkọ́? Ẹnì kan tún sọ fún wa pé okùn la máa fi so ó mọ́ ọkọ̀ míì ká fà á wá, pé owó lòbẹ́ẹ̀dì ti pọ̀ jù.

Sùúrù_Houston

Ẹ n lẹ́ o. Houston ní Amẹ́ríkà ni mo wà, Mustang 1967 ni tèmi, kábúrétọ̀ ló ń lò bíi ti bàbá yín. Ooru ibí láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án kì í ṣe kékeré, ó sábà máa ń sún mọ́ 35 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rinrin láti inú òkun, torí náà ohun tí a máa ń sọ láàárín ara wa níbí á wúlò fún yín.

Ẹ má kún táǹkì. Epo máa ń fẹ̀ tó bá gbóná, tí ooru bá fi dígírì 10 gòkè sí i, epo á fẹ̀ tó ìdá kan nínú 100, táǹkì tó kún dẹ́nu láàárọ̀ á máa tú jáde lọ́sàn-án lórí ọkọ̀ tó gbé e. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ níbí, ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì ni wọ́n máa ń ní ká fi sílẹ̀, kó ṣáà tó èyí tí wọ́n máa fi wà á gòkè wà á sọ̀. Ti bàbá yín tí epo ẹ̀ ti pẹ́, ẹ fà á jáde pátápátá. Epo tó pẹ́ máa ń di gọ́ọ̀mù, tó bá wọ kábúrétọ̀ á dí gbogbo ihò inú ẹ̀. Kí wọ́n ti ọkọ̀ gòkè tàbí kí wọ́n fi wínṣì fà á.

Àwọn kan níbí máa ń sanwó sí i kí wọ́n fi tírélà tó ní ilé gbé tiwọn, èyí tó dé mọ́lẹ̀ yíká. Ó dáa fún òkúta ojú ọ̀nà àti oòrùn. Àmọ́ inú àpótí irin bẹ́ẹ̀ gbóná gan-an tó bá dúró níbì kan, òórùn epo sì máa ń ká mọ́ ibẹ̀, tí wọn ò bá ṣí ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀ ó léwu. Fún Ìlọrin sí Abẹ́òkúta, ìta gbangba tó.

Tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wà á lẹ́yìn èyí, ẹ ó rí i pé lọ́sàn-án, tẹ́ ẹ bá pa á níbì kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè ṣòro láti tún sítáàtì. Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn pé ẹ́ńjìnnì ti lọ. Kò lọ o. Tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, omi ò rìn mọ́, fáànù ò fẹ́ mọ́, ooru tó wà lára irin á kọ́kọ́ gòkè sí i kó tó sọ̀kalẹ̀, epo tó wà nínú pọ́m̀pù àti kábúrétọ̀ á hó, á di oru. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró díẹ̀, ẹ fi àkísà tútù lé pọ́m̀pù epo, kí omi má kan sálẹ́ńsà tó gbóná o. Àwọn àgbà awakọ̀ níbí máa ń fi pẹ́ẹ̀gì onígi tí wọ́n fi ń há aṣọ há ojú páìpù epo, wọ́n ní ó ń gba ooru mọ́ra. Èmi ò rí i kó ṣiṣẹ́ kankan. Kẹ́ ẹ gbé páìpù epo jìnnà sí sálẹ́ńsà, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀ sí tuntun, ìyẹn ni mo rí tó ṣiṣẹ́.

AwakọLòbẹ́ẹ̀dì

Ẹ má fi okùn fà á, kí Ọlọ́run má jẹ́. 504 ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń rìn, táyà ẹ̀yìn tó ń yí nílẹ̀ ni yóò máa yí jíà nínú láìsí pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ò ní ta dé gbogbo ibi tó yẹ, jíà á jẹ ara ẹ̀. Bíréèkì náà á le koko tí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn ò ní lè dúró dáadáa. Ẹ wo òkè tó wà l'Ábẹ́òkúta náà.

Èmi ni mo ń gbé irú ọkọ̀ yìí, bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo máa ń gbé e gòkè, kí aago mẹ́fà tó lù mo ti kúrò, torí mo fẹ́ kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ kí oòrùn tó le, ọ̀nà àtijọ́ yẹn ò dáa, tírélà sì pọ̀ níbẹ̀, téèyàn bá há sínú gọ́sílóò lọ́sàn-án kò sí ibòji kankan. Ẹ ní kí wọ́n yọ orí bátìrì tó jẹ́ négétíìfù kí wọ́n tó gbé e. Bátìrì náà fúnra ẹ̀, ooru máa ń gbẹ omi inú ẹ̀, kí wọ́n ṣí i wò, omi bátìrì tí wọ́n ń tà (distilled water) ni kí wọ́n fi kún un, kì í ṣe omi ẹ̀rọ o.

Bẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń dè é, orí táyà ni mo máa ń gbé e gbà, mi ò kì í so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀ tàbí bọ́ńpà, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kan máa ń fi ṣéènì fà títí ọkọ̀ á fi tẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá ló ń ba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́. Tó bá jẹ́ pé táyà ni wọ́n dè, ọkọ̀ á máa jó lórí sípíríǹgì ẹ̀ bó ṣe yẹ. Igi sí iwájú àti ẹ̀yìn táyà, jíà sí wọ́ọ̀nù, ó tán. Tí mo bá ti rìn díẹ̀ mo máa ń dúró kí n tún gbogbo bẹ́ẹ̀tì fà, torí wọ́n máa ń dẹ̀ lẹ́yìn kòtò àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá dúró ṣe ìyẹn, ẹ má gbé ọkọ̀ bàbá yín fún un.

Ìdí nìyẹn tí táyà fi gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́ dúró kí n tó dé. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Èyí tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ó lè gbé ọkọ̀ gun lòbẹ́ẹ̀dì, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi sáré lójú títì nínú oòrùn, ara ẹ̀ ti là, á bẹ́. Kẹ́ ẹ má sì rọ́pò ẹ̀ pẹ̀lú tokunbọ̀ tẹ́ ẹ ò yẹ nọ́ńbà ẹ̀ wò. Kẹ́ ẹ tún fi ìwé ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, tàbí sí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá fún níṣẹ́, torí ọlọ́pàá á béèrè. Kẹ́ ẹ ya fọ́tò gbogbo ara ẹ̀ kó tó gòkè.

Mẹkáníìkì_Gate

Awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ dáadáa. ỌmọOníPíjò, tó bá dé, ẹ má jẹ́ kí bàbá fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí inú wọn dùn tó. Ẹ yọ pọ́lọ̀ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò wọn, kí wọ́n fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kó lè mọ̀ pé òun ti jí. Ọ́ìlì tuntun àti fítà. Gbogbo hóòsì omi àti rọ́bà epo, ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ní ìkan yìí ṣì dáa. Kí wọ́n fọ rédíétọ̀, kí omi àti kúláàǹtì jẹ́ ìdajì-ìdajì, kí ìdérí ẹ̀ jẹ́ èyí tó ń di agbára mú, torí agbára tó ń ká mọ́ inú ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi tètè hó. Ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná láéláé.

Omi bíréèkì náà, ẹ tú gbogbo ẹ̀ dànù. Ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra: DOT 4 tuntun ò ní hó títí dé 230 dígírì, àmọ́ èyí tó ti mu omi lè hó ní 155, ìgbà téèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tó sì ń tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́ nínú ooru ló máa ń ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ á kàn wọlẹ̀ láìsí bíréèkì. Ṣé ẹ rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ̀gbọ́n má wà á.

Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n sítáàtì ẹ̀ nínú ọgbà láàárọ̀ kùtù, kó dún títí á fi gbóná tó, kẹ́ ẹ dúró ti fáànù kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé mágínẹ́ẹ̀tì gbá a mú. Tí fáànù ò bá yí tí nídùlù ooru sì ń gòkè, ẹ pa á, ẹ pe rewáyà. Tó bá yí, kí bàbá jókòó síbi wọn.

ỌmọOníPíjò

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti fi gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp, wọ́n kà á, wọ́n pè mí padà, wọ́n ní ká gbé e. AwakọLòbẹ́ẹ̀dì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo inbox yín.